Ọwọ́ Ọ̀tún Bàbá Rájí

Ọkọ́ tí Bàbá Rájí fi ọwọ́ ara rẹ̀ rọ ni Dúró fi fọ́ Mùkáílà, ọmọ ọmọ Bàbá Rájí, lórí nínú oko ilé-ìwé.

Ọ̀sán gangan ni. Ọmọ Sitáńdáàdì Síìsì mọ́kàndínlógún ló wà nínú oko lọ́jọ́ náà, gbogbo wọn ló sì rí i. Ọdún 1956 ni. Tíṣà ti pín ilẹ̀ fún wọn ní ìpín-ìpín láti ro, ó sì ti fún Mùkáílà ní okùn àti bébà pé kí ó máa wọn ìpín kọ̀ọ̀kan, kí ó kọ orúkọ ẹni tó bá parí. Ìdí tí wọ́n fi yan Mùkáílà ni pé kì í purọ́, ó sì mọ ìṣirò ju gbogbo wọn lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ní Ìwó ló gbà pé yóò yege nínú ìdánwò, yóò sì di tíṣà.

Nígbà tó dé ìpín Dúró, koríko ṣì dúró níbẹ̀ bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò débẹ̀ rí.

"Kọ ọ́ pé mo ti parí," ni Dúró wí.

"O kò tíì parí."

"Ta ni yóò wá wò ó? Ìwọ ṣáà kọ ọ́."

"Koríko yìí ga tó orúnkún mi, Dúró. Kí ni kí n kọ? Ṣé kí n kọ ọ́ pé orúnkún lo gbìn?"

Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló dun Dúró ju ọ̀rọ̀ náà lọ. Ọmọ Akọ̀wé Olúdáre ni, kò sì mọ́ ọn lára kí ọmọ àgbẹ̀ máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mùkáílà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fa okùn rẹ̀ yọ nínú koríko. Dúró gbé ọkọ́ sókè, ó yí i padà, ó sì fi ẹ̀yìn rẹ̀ lù ú lágbárí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ̀ẹ̀kan náà tó.

Lọ́rì tó ń kó kòkó lọ sí Ìbàdàn ló gbé e dé ọsibítù. Ọjọ́ méje ni kò mọ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ní ọjọ́ kẹjọ, ó la ojú, ó rí Ràhámọ̀tù, ìyá rẹ̀, ó sì rí kọ́ọ̀pù omi lórí tábìlì. Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó la ẹnu.

"Àga," ni ó wí.

Ràhámọ̀tù sáré lọ gbé àga wá.

"Àga! Àga!" Mùkáílà ń gbọ́ ara rẹ̀. Ó mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí òun fẹ́ sọ nìyẹn. Ó fi ọwọ́ òsì gbá ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nítorí pé ọwọ́ ọ̀tún kò gbéra. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún.

Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Agnes, obìnrin tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, tí kì í rẹ́rìn-ín. Òun ló bu omi sí ọmọ náà lẹ́nu. "Ìyá, ẹkún yẹn tó," ni ó wí. "Ọmọ yín mọ ohun tó ń fẹ́. Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà jáde ló bàjẹ́. Tí ẹ bá délé, ẹ fún un níṣẹ́. Iṣẹ́ kan náà, lójoojúmọ́, tí yóò máa lo ọwọ́ méjèèjì. Ẹ má jẹ́ kó jókòó gẹlẹtẹ."

"Ṣé yóò tún lè kàwé?"

"Mi ò ní purọ́ fún yín. Mi ò mọ̀."

Ràhámọ̀tù nu ojú rẹ̀. Nínú gbogbo ẹni tó sọ̀rọ̀ lórí ọmọ rẹ̀ lọ́dún náà, nọ́ọ̀sì yìí nìkan ni kò fi oyin bo ọ̀rọ̀.

Àwọn ẹlẹ́nu oyin dé ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbé Mùkáílà padà sílé. Akọ̀wé Olúdáre kó àgbà márùn-ún lẹ́yìn, wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Olúdáre ni akọ̀wé àwọn tó ń ra kòkó. Ọwọ́ rẹ̀ ni òṣùwọ̀n wà. Ohun tó bá ní kòkó rẹ wọ̀n, òun ló wọ̀n. Mùkáílà sùn sórí ẹní nínú yàrá, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀, ó ń gbọ́ gbogbo wọn.

"Ẹ̀yin ẹbí wa," ni Olúdáre bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń dún bí ohùn ẹni tó ń wàásù. "Ahọ́n àti eyín ń jà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, kádàrá ni. Ọkọ́ ló yọ lọ́wọ́ ọmọ. Àwọn àgbà sì ti wí i pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́."

"Ta ni orí ń fọ́ nínú yín?" ni Ràhámọ̀tù bèèrè láti ẹnu ọ̀nà.

Ó bọ́ sí àárín wọn.

"Mo ní ta ni orí ń fọ́? Ẹni tí orí rẹ̀ fọ́ wà nínú ilé. Ẹni tó fọ́ ọ dà?"

"Ọmọdé ni, ìyá wa. Ojú ń tì í."

"Ojú ń tì í. Ẹnu rẹ̀ ńkọ́? Ṣé bàbá rẹ̀ ló ń bá a lo ẹnu ni?"

"Ràhámọ̀tù!" Mùrí, ọkọ rẹ̀, ló pariwo mọ́ ọn. Àgbẹ̀ ni Mùrí. Kòkó ọdún náà ṣì ń gbẹ lórí ẹní lẹ́yìnkùlé, kò sì sí àgbẹ̀ tí yóò bá ẹni tó ń wọn kòkó rẹ̀ jà nígbà tí kòkó ń gbẹ lórí ẹní. Ó fa fìlà rẹ̀ sẹ́yìn, ó wo ilẹ̀. "A ti gbọ́," ni ó wí. "Ìbínú kò da nǹkan fúnni, sùúrù ni baba ìwà. Ọlọ́run ni ká dúpẹ́ fún."

Wọ́n ṣe àdúà. Wọ́n ní "Àmín".

Nínú yàrá, Mùkáílà ti jókòó. Ó fẹ́ kígbe pé "Kò yọ!" Ọ̀rọ̀ méjì péré. Ó kó gbogbo agbára rẹ̀ jọ, ó sì kígbe.

"Àgbàdo!"

Àwọn àgbà wo ara wọn. Ọ̀kan mi orí, ó ní, "Ó mà ṣe o." Olúdáre náà ní, "Ó mà ṣe o." Wọ́n dìde, wọ́n lọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni ìbínú ti wọ inú Mùkáílà, kò sì jáde. Kì í ṣe orí tó fọ́ ló ń bí i nínú jù. Ohun tó ń bí i nínú ni pé gbogbo ayé ti sọ̀rọ̀ tán lórí ọ̀rọ̀ náà, ẹni tó ṣe é kò tíì sọ̀rọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́: kí Dúró dúró níwájú òun, kí ó ní, "Èmi ni mo ṣe é."

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìdánwò, Dúró wà lára wọn. Mùkáílà ṣí ìwé rẹ̀, àwọn lẹ́tà ń rìn lórí bébà bí ìjàlọ. Ó fa ìwé náà ya. Tí oòrùn bá ti pa á lórí, á máa bì. Àwọn ọmọ àdúgbò ti sọ ọ́ ní orúkọ. Tó bá ti yọ lójú ọ̀nà, wọ́n á máa kígbe pé, "Àgbàdo! Àgbàdo, ṣé sísun ni àbí sísè?" Ní ọjọ́ kan, ó mú ọ̀kan nínú wọn, ọmọ ọdún mẹ́jọ péré, ó fún un lọ́rùn títí tí ojú ọmọ fi yí. Àwọn obìnrin mẹ́ta ló já ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́rùn ọmọ náà.

Ọjọ́ kejì ni Ràhámọ̀tù mú un lọ sí ilé Bàbá Rájí, bàbá tó bí i.

"Bàbá, ẹ gbà á," ni ó wí lórí ìkúnlẹ̀. "Tó bá dúró sílé, yóò pa ẹnì kan."

Bàbá Rájí ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ilé àgbẹ̀dẹ rẹ̀ wà lẹ́yìn agbolé, abẹ́ páànù tí èéfín ti sọ di dúdú. Àwọn àgbẹ̀ ń wá láti Kuta, láti Ilé-Ogbó, láti Olúpọ̀nnà wá ra ọkọ́ rẹ̀. Ìlà mẹ́ta ló máa ń fi òòlù kọ sí ìdí ọkọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá sì ti rí ìlà mẹ́ta náà kì í bèèrè pé ṣé ọkọ́ yẹn dára. Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí wọ́n bá kírun tán, òun àti àwọn arúgbó mẹ́rin á jókòó yí àwo kan ká, wọ́n á jọ jẹun. Òun ni àgbà wọn, ọwọ́ rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wọ àwo. Wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ láti ogójì ọdún.

Ó wo Mùkáílà láti òkè délẹ̀. Kò ní "pẹ̀lẹ́". Ó já òwú, ó fi dí i létí méjèèjì nítorí ariwo irin, ó wé gèlè àtijọ́ kan mọ́ ọn lórí, ó sì tọ́ka sí ẹwìrì, àpò awọ méjì tó ń fẹ́ iná, tó ní ọ̀pá méjì lórí.

"Òfin kan ṣoṣo ló wà níbí," ni ó wí. "Ẹni tí inú ń bí kì í gbé òòlù. Ẹwìrì ni ó ń fẹ́. Ẹwìrì kò lè pa ẹnikẹ́ni. Tí n bá bi ọ́ láràárọ̀ pé ẹwìrì ni àbí òòlù, òótọ́ ni kí o sọ. N kò ní bèèrè ìdí."

Oṣù mẹ́sàn-án ni Mùkáílà fi fẹ́ ẹwìrì. Ọ̀pá méjì náà, tí ọ̀kan bá lọ sókè, èkejì á wá sílẹ̀. Ọwọ́ òsì lágbára, ọwọ́ ọ̀tún kò lágbára, nítorí náà iná ń jó, ó ń kú, ó ń jó, ó ń kú. "Iná ń wúkọ́," ni Bàbá máa ń wí, á sì dúró dè é. Nígbà mìíràn Mùkáílà á ju ọ̀pá sílẹ̀, á fẹsẹ̀ gbá èédú ká gbogbo ilẹ̀. Bàbá Rájí kò bá a wí rí. Á kàn dúró títí yóò fi ṣa gbogbo èédú náà padà, ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Oníbàárà kan ń bọ̀ láti Olúpọ̀nnà, Adégbọlá lorúkọ rẹ̀, ọkùnrin ẹlẹ́nu bí aago. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ rí Mùkáílà, ó ní, "Bàbá Rájí, ta lẹ so mọ́ ẹwìrì yìí? Ó ń fẹ́ iná bí ẹni tó ń bá àna rẹ̀ jà. Ọ̀dọ́mọkùnrin, kí lorúkọ rẹ?"

"Mù... Mù..." Ojú Mùkáílà pọ́n. Ó ń retí kí ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín.

Adégbọlá wá òkúta kan, ó jókòó. "Má kánjú. Oko mi kò ní ẹsẹ̀, kò ní sá lọ."

"Mù... káílà."

"Mùkáílà! Orúkọ gidi nìyẹn. Mo rò pé 'Mùmùmù' lo fẹ́ ní." Mùkáílà fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ oko ilé-ìwé.

Nígbà tí iná kò wúkọ́ mọ́, Bàbá Rájí gbé òòlù ńlá lé e lọ́wọ́. Iṣẹ́ yẹn ni Mùkáílà fẹ́ràn ju ohunkóhun láyé lọ, nítorí pé kò gba ọ̀rọ̀. Bàbá yóò fi ẹ̀mú di irin gbígbóná mú lórí owú, irin ńlá tí wọ́n ń lu irin lé. Yóò fi òòlù kékeré kan ojú ibì kan lórí irin: ko. Ibẹ̀ ni òòlù ńlá gbọ́dọ̀ balẹ̀: gbì. Ko, gbì. Ko, gbì. Tí Bàbá bá fẹ́ kí ó dúró, yóò kan etí owú lẹ́ẹ̀mejì, ko-ko, yóò sì tẹ́ òòlù kékeré sílẹ̀ níbẹ̀. Òòlù ńlá kò gbọ́dọ̀ wá sílẹ̀ mọ́. Ọmọ tí kò lè bèèrè omi mọ gbogbo ohun tí òòlù kékeré ń wí.

Ọ̀rọ̀ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí padà. Wọn kì í ṣe ọ̀rọ̀ gígùn. "Omi." "Ó gbóná." "Mo ti jẹun." Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ le, apá rẹ̀ yọ iṣan. Ó rọ ọ̀bẹ kan, Bàbá fi gé okùn, ó ní, "Ó gé." Kò sí ìyìn mìíràn lẹ́nu Bàbá Rájí. Láràárọ̀ ni ó ń bi í pé, "Ẹwìrì àbí òòlù?" Mùkáílà á wo inú ara rẹ̀, á sọ òótọ́. Àárọ̀ tí ó ń sọ pé "Ẹwìrì" ń dín kù. Ṣùgbọ́n wọn kò tán. Lóru, ó ṣì ń rí ẹ̀yìn ọkọ́ yẹn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1958, oṣù méjìdínlógún lẹ́yìn ọjọ́ náà, Dúró fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ilé àgbẹ̀dẹ.

Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun àti ṣòkòtò funfun tí wọ́n lọ̀ tó ń gé bí abẹ, ó mú obì tí wọ́n fi ewé wé dání. Àáké Adégbọlá wà nínú iná, ó ti ń pọ́n, Adégbọlá fúnra rẹ̀ jókòó, ó ń dúró dè é. Dúró dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, kò jẹ́ kí àyà kan ilẹ̀, nítorí èédú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Bàbá mi ní kí n kí yín. Ìdí tí mo fi wá ni pé, bí a bá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín èmi àti àbúrò mi Mùkáílà ní ìgbà kan rí, ó yẹ kí ìrẹ́pọ̀ àti àlàáfíà..."

"Oṣù méjìdínlógún," ni Bàbá Rájí wí. "Kí ló gbé ọ wá lónìí?"

Dúró wo bàtà rẹ̀. "Mo ti rí ààyè sí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà, Bàbá. Hẹdimásítà ní òun kò ní fọwọ́ sí lẹ́tà ìwà rere mi àfi tí mo bá wá bẹ̀ yín kọ́kọ́."

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni Adégbọlá wí. "Ìwà rere ti jáde, ó ń wá lẹ́tà kiri. Ẹ jẹ́ ká rí i."

Gbogbo ẹ̀jẹ̀ Mùkáílà ti wọ́ lọ sí orí rẹ̀, ojú ọgbẹ́ àtijọ́ náà ń lù kì, kì, kì. Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà. Ibi tí ó yẹ kí òun wà ni Dúró ń lọ, lẹ́tà ló sì gbé e wá.

Bàbá Rájí yíjú sí i. Irin ti pọ́n, kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. "Ẹwìrì àbí òòlù?"

Mùkáílà lè sọ pé "Ẹwìrì." Ọ̀rọ̀ tó rọrùn jù lẹ́nu rẹ̀ ni nígbà náà. Ojú Dúró ni kò jẹ́. Kò fẹ́ kí Dúró rí òun ní ìdí ẹwìrì bí ọmọdé. Ó fẹ́ kí ó rí apá òun.

"Òòlù," ni ó wí.

"Ṣé inú kò bí ọ?"

"Rárá."

Irọ́ ni. Ọmọ tí kì í purọ́, tí wọ́n torí irọ́ tó kọ̀ láti kọ sínú bébà fọ́ lórí, òun ló pa irọ́ yìí. Bàbá Rájí wò ó pẹ́ díẹ̀. Ó gbà á gbọ́, nítorí pé kò tíì purọ́ fún un rí. Adégbọlá bọ́ sí ìdí ẹwìrì, ó ní, "Lónìí mo di ọmọ iṣẹ́." Bàbá fi ẹ̀mú fa àáké jáde.

Ko, gbì. Ko, gbì.

Ó yẹ kí Dúró dákẹ́. Ọmọ Olúdáre kò mọ bí wọ́n ṣe ń dákẹ́. Ó gbé ohùn sókè kí ariwo má baà bò ó. "Mùkáílà, ìwọ náà mọ̀ pé n kò mọ̀ọ́mọ̀. Ìjàǹbá ni. Ọkọ́ yẹn ló yọ!"

Ko-ko. Bàbá Rájí kan etí owú lẹ́ẹ̀mejì, ó tẹ́ òòlù kékeré sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì wà lórí rẹ̀. Ó yí ọrùn sí Dúró. "Ọkọ́ tí mo bá rọ kì í..."

Kò parí rẹ̀.

Mùkáílà gbọ́ àmì náà. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò gbọ́. Òòlù ńlá wà lókè, ó ṣeé dá dúró, ó ti dá a dúró nígbà ẹgbẹ̀rún. Ṣùgbọ́n kì í ṣe irin ló ń wò. Ojú Dúró ló ń wò, ẹnu Dúró, níbi tí "yọ" ti ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Nínú ọkàn rẹ̀, ẹnu náà ló fi gbogbo ara rẹ̀ lù. Òòlù kò mọ ẹnu ẹni tí wọ́n ń bínú sí. Etí owú ló balẹ̀ sí, lórí ọwọ́ ọ̀tún Bàbá Rájí.

Arúgbó náà kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀ nínú èédú bí ẹni tí ó rẹ̀. Adégbọlá ló ń kígbe, tó ń já aṣọ ọrùn rẹ̀ láti fi di ọwọ́ náà. Dúró ń fà sẹ́yìn, obì ti já bọ́, èédú ti bá ṣòkòtò funfun. "Ẹ rí i o, n kò fọwọ́ kan nǹkan kan o!" ni ó ń wí. "N kò fọwọ́ kan nǹkan kan!" Ó sì sá lọ.

Ní ọsibítù, wọ́n gé ìka mẹ́ta. Àtàǹpàkò àti ọmọńdinrín ló kù, wọ́n gan, wọn kò ká mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, tí Bàbá Rájí ti padà sílé, àwọn ènìyàn tún kóra jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn àgbà márùn-ún wà níbẹ̀. Olúdáre wà níbẹ̀. Mùrí wà níbẹ̀, ó ń lágùn, nítorí pé ọmọ òun ló fọ́ ọwọ́ bàbá ìyàwó òun. Mùkáílà jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ìlẹ̀kùn.

"Kádàrá ni," ni Olúdáre wí, pẹ̀lú ohùn ìwàásù yẹn. "Ohun tí Ọlọ́run bá kọ..."

"Kádàrá ni, Bàbá," ni Mùrí náà tètè gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Ọmọ kò mọ̀ọ́mọ̀. Òòlù ló yọ."

Mùkáílà gbé orí sókè. Aṣọ tí wọ́n fi bo Dúró ní oṣù méjìdínlógún sẹ́yìn, òun gan-an ni wọ́n ń tẹ́ bo òun yìí. Ó sì móoru. Kò ní í ná òun ní nǹkan kan, kí òun ṣáà jókòó, kí òun dákẹ́. Ta ni yóò tilẹ̀ bi ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa ní ìbéèrè? Wọ́n á ṣe àdúà, wọ́n á ní "Àmín", wọ́n á lọ.

Ó dìde. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Bàbá Rájí, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀.

"Kò... kò yọ," ni ó wí.

"Dákẹ́, Mùkáílà," ni Mùrí wí.

"Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀!" ni Ràhámọ̀tù wí.

Òógùn ń kán lórí Mùkáílà. Ó ń fa ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jáde bí ẹni ń fi ẹ̀mú fa irin. "Mo gbọ́ àmì. Inú ń... inú ń bí mi. Ẹ bi mí, mo pu... mo purọ́. Kì í ṣe kádàrá. Èmi ni. Èmi ni mo ṣe é."

Olúdáre ń tún agbádá rẹ̀ ṣe, kò rí ibi tí yóò wò.

"Mo gbọ́," ni Bàbá Rájí wí. Ó gbé ọwọ́ tí wọ́n dì náà lé itan. "Gbólóhùn yẹn, ìwọ retí rẹ̀ fún oṣù méjìdínlógún, o kò gbọ́ ọ. Èmi retí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Dìde. Lọ́la, ẹwìrì."

Kò sọ pé òun ti dárí jì í. Mùkáílà kò bèèrè. Ó fẹ́ ẹwìrì fún oṣù mẹ́ta, alágbẹ̀dẹ mìíràn láti agbolé kejì ni ó ń wá lu irin. Lẹ́yìn náà ni Bàbá fi ọwọ́ òsì gbé òòlù kékeré fún un. Mùkáílà di alágbẹ̀dẹ gidi, ìwé ni kò tún kà mọ́. Kò kọ ìlà mẹ́ta sí ìdí ọkọ́ tó bá rọ. Ó ní ìlà ẹni tí òun ba ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ ni.

Dúró gba lẹ́tà rẹ̀. Ó di tíṣà. Títí di òní, kò tíì sọ pé òun ni.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń kà á, ẹ gbọ́. Mùkáílà ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kò ní ẹ̀tọ́, kí ó lọ gba ẹ̀yìn ọkọ́ lórí kọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ìbínú kò da nǹkan fúnni. Òótọ́ ni òwe yẹn, ẹ̀rù ló gbé e dórí ahọ́n Mùrí, ìdí nìyẹn tí kò fi dùn ún gbọ́. Ẹni tí ìbínú bá ń gùn, kí ó sọ pé inú ń bí òun, kí ó lọ sí ìdí ẹwìrì. Ẹni tó bá sì ṣe nǹkan, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ló ṣe é.

Àwọn arúgbó mẹ́rin yẹn kò jáwọ́ nínú pípe Bàbá Rájí. Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n á gbé àwo kalẹ̀, wọ́n á ní, "Rájí, ìwọ là ń retí." Kò lọ. Ọwọ́ òsì nìkan ló kù fún un láti fi jẹun, kò sì lè kì í bọ àwo tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń jẹ. Ràhámọ̀tù ra ṣíbí fún un. Ó máa ń gbé àga sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, á kọ ẹ̀yìn sí ilé, á jẹ tirẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló tún lò láyé, kò sì bá ẹnikẹ́ni jẹun nínú àwo kan náà mọ́ títí ó fi kú.